Iyọ̀ Tí Mo Bá Nínú Àpò Aṣọ Iṣẹ́ Rẹ

Àkọ́bí mi,

Ọ̀gá rẹ àtijọ́, bàbá oníbúrẹ́dì, ka ìwé rẹ tán ní ìrọ̀lẹ́ àná. Wọ́n pa á dé, wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n fúláwà, wọ́n lọ mú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ilé, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun pa ohun tí wọ́n kọ sára ògiri lókè ọpọ́n ìpo-fúláwà ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn rẹ́. Èmi fúnra mi wà níbẹ̀, ojú mi ló ṣe.

Mo mọ̀ pé kò yẹ kí lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta lo pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá tí o ń béèrè bóyá mo ti rí ọ̀gá, tí o kò sì sọ ìdí tí o fi ń béèrè, nítorí náà mo ní kí n fi ìyẹn tù ọ́ nínú ná. Ní báyìí tí mo ti sọ ọ́, jẹ́ kí n kí ọ bó ṣe yẹ. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Ṣé àwọn tó ń gbé lókè yàrá rẹ ti jáwọ́ nínú fífa àga kiri bí ẹni ń kó ẹrù lójoojúmọ́? Ọlọ́run tó fún ọ lọ́pọlọ tí o fi kọ ìwé olójú ewé igba ó lé mẹ́jọ kò ní gbà á padà lọ́wọ́ rẹ. Kalámù rẹ kò ní gbẹ, ojú rẹ kò ní ṣú, ọwọ́ rẹ kò sì ní ro. Ṣe àmín kí o tó kà síwájú, má kàn fojú fò ó.

Bàbá rẹ wà, wọ́n ní kí n kí ọ. Orúnkún ọ̀tún ló ṣì ń dùn wọ́n, ti òsì ti fi wọ́n sílẹ̀. Àbúrò rẹ obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní aṣọ funfun méjì, ó sì ti ń pàṣẹ fún gbogbo wa nínú ilé pé kí a máa fọwọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí kì í tì nígbà tí o wá kẹ́yìn ti ń tì ní báyìí, àmọ́ kì í ṣí mọ́, iwájú nìkan la ń gbà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí nǹkan tó bàjẹ́.

Ìwé mẹ́ta tí o dì sínú páálí dé láyọ̀. O kọ ọ́ sínú ìwé pélébé pé méjì jẹ́ tiwa, ẹ̀kẹta jẹ́ ti ọ̀gá rẹ, kí n fi lé wọn lọ́wọ́. Má bínú, èmi ni mo jẹ́ kó pẹ́. Mo fi ti ọ̀gá sínú àpótí aṣọ mi kí ó má baà dọ̀tí, mo ní kí àwa ará ilé kọ́kọ́ kà á ná, kí n lè mọ ohun tí mo ń gbé lọ fún ẹni ẹlẹ́ni. Bàbá rẹ fi ìwé kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá bò tiwa méjèèjì bí ìgbà tí o wà ní ilé ìwé, àwòrán òdòdó wà lára ọ̀kan, ọkọ̀ ojú omi wà lára èkejì, wọ́n sì ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kan tí gbogbo ẹni tó bá yá a máa fọwọ́ sí, pẹ̀lú ọjọ́ tó gbà á àti ọjọ́ tó dá a padà. Ènìyàn mọ́kànlá ló ti fọwọ́ sí i. Ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní ìsàlẹ̀ òpópónà wá pé òun fẹ́ yá a, bàbá rẹ wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ fọ̀ ọ́ ná. Ó lọ, ó fọ̀ ọ́, ó sì tún padà wá. Mo fẹ́ kí o mọ irú ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fún ìwé rẹ níbí.

Ọ̀gá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ ọ ní kíláàsì kẹfà, ló kọ́kọ́ yá a. Wọ́n dá a padà lọ́jọ́ kẹrin pẹ̀lú ínkì pupa lórí ojú ewé gbogbo, wọ́n sì kọ mọ́kànléláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún sí iwájú rẹ̀, wọ́n fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo bi wọ́n pé níbo ni mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó kù wọlẹ̀ sí. Wọ́n ní gbólóhùn kan wà ní ojú ewé kọkàndínlógún tó gùn débi pé àwọn ní láti mumi láàárín rẹ̀. Bàbá rẹ, tí inú wọn kò dùn sí ínkì pupa yẹn, bi wọ́n pé ìwé mélòó làwọn fúnra wọn ti kọ láyé. Ọ̀gá tíṣà ní àwọn ti kọ èsì ìdánwò ìparí ọdún fún ọmọ ẹgbẹ̀rún méjì, kò sì sí ìyá ọmọ kankan tó kà á tí kò sunkún. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń lọ, ọ̀gá tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní nínú gbogbo ọmọ tí àwọn kọ́, ìwọ nìkan lo jẹ́ kí àwọn tún wá máàkì iṣẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì nu ìgò ojú wọn fún ìgbà pípẹ́. Orí mi wú lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń bínú sí ọ díẹ̀. Ní ojú ewé ogójì, o kọ ọ́ pé obìnrin aránṣọ kan wà ní àdúgbò tí ẹnu rẹ̀ àti ẹ̀rọ rẹ̀ jọ máa ń sáré. Kì í ṣe ti ẹnu ló bí i nínú. Ó ní kí ló dé tí o fi sọ pé “kan”? Ó ní ṣé òun ni obìnrin aránṣọ kan, òun tó rán aṣọ ilé ìwé rẹ láti kíláàsì kìíní, tó ń fi ìṣẹ́tí gígùn sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ kí ó lè bá ọ dàgbà? Ó jókòó síbi tó ń ránṣọ, ó ń bínú, síbẹ̀ ó ti ṣẹ́ etí ojú ewé yẹn, gbogbo oníbàárà tó bá wá wọn aṣọ ló ń fi hàn pé ẹ wò ó, èmi nìyí.

Àbúrò rẹ wá fi hàn mí lórí fóònù pé àwọn tó ń gbé níbi tí a kò dé rí náà ń ka ìwé rẹ, wọ́n sì ń kọ èrò wọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tà á, pẹ̀lú ìràwọ̀ kékeré. Mo kọ́kọ́ rò pé ìràwọ̀ ni ẹni tó rà á máa ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, àbúrò rẹ ní rárá, àwọn ló ń fún ọ. Fóònù béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ènìyàn ni mí tàbí ẹ̀rọ. Mo dáhùn pé ìyá rẹ ni mí. Kò gbà. Ó gbé àwòrán mẹ́sàn-án síwájú mi pé kí n mú àwọn tí kẹ̀kẹ́ wà nínú wọn. Kẹ̀kẹ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n táyà ọ̀kan ti jò, mo sì mọ̀ pé kò lè gbé ẹnikẹ́ni dé ibì kankan, mo mú mẹ́ta tó dára. Ó ní kí n tún gbìyànjú. Nígbà tó jẹ́ kí n wọlé, mo fún ọ ní ìràwọ̀ márùn-ún. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo padà lọ fún ọ ní márùn-ún míì, ó ní mo ti fún ọ tẹ́lẹ̀. Mo ní mo mọ̀.

Mo wá rí i pé gbogbo àwọn tó kọ̀wé síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò dá wọn lóhùn. Ìyẹn kò dára. Ènìyàn rìn wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ wá sọ pé òun ka ìwé ọmọ rẹ, o kò sì jáde sí i. Mo jókòó tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan kọ ọ́ pé òun sunkún nígbà tí òun dé orí kẹfà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mumi kó sì sinmi. Ẹlòmíì kọ ọ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ falẹ̀, mo ní kó má bínú, mo ní láti inú oyún ni, ọ̀sẹ̀ méjì lo fi pẹ́ jù kí o tó jáde, àmọ́ nígbà tí o dé, gbogbo wa rí i pé o tọ́ sí dídúró dè. Ọ̀kan tiẹ̀ wà tó fún ọ ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Ẹjọ́ ọmọ mi ni wọ́n wá fi sùn mí yẹn, ẹni tí wọ́n bá sì fẹjọ́ ọmọ rẹ̀ sùn á bẹ̀bẹ̀. Mo pe bàbá rẹ, a jọ jókòó, wọ́n ń sọ, mo ń tẹ̀ ẹ́. A ní ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá wa, ohunkóhun tí ọmọ wa bá fi ṣẹ̀ yín, ẹ fi jì í, ẹ sọ fún wa kí a lè bá a wí. Ó dá wa lóhùn ní ọjọ́ kejì. Ó ní òun kò tíì ka ìwé náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ya kó tó dé ọ̀dọ̀ òun. A tún bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹ̀yìn ìwé. Àbúrò rẹ sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé ó ti di ìràwọ̀ mẹ́rin, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ti ń wá òbí oníwà pẹ̀lẹ́ bíi tiwa kiri láti ọjọ́ yìí.

Ọmọ mi, mo ń rìn yí ọ̀rọ̀ ká. Jẹ́ kí n dé ibi tó wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a jókòó sí iwájú ilé, mo ń ka ìwé rẹ sókè fún àwọn tí kò lè dúró de àyè láti yá a. Bàbá rẹ wà níbẹ̀, ọ̀gá tíṣà wà níbẹ̀, ìyá aránṣọ gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá. Títí di ìgbà yẹn, ẹ̀rín ni gbogbo wa ń rín. A ti ka ibi tí o ti kọ nípa fúláwà tó wọ inú irun rẹ tí gbogbo ènìyàn rò pé o ti di àgbàlagbà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún. A ti ka nípa ọkùnrin tó ń po fúláwà, tó kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti wú tó, tó máa ń fi ẹran inú ìpápánu rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ tó sì máa ń parọ́ pé òun ti yó. Ìgbà náà ni mo ṣí orí kẹfà.

O kọ ọ́ pé iṣẹ́ rẹ ni láti wọn iyọ̀, ṣúgà àti yíìsì sínú ọ̀rá mẹ́ta láràárọ̀, kí o kó wọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnìkan kígbe lẹ́nu ọ̀nà pé èsì ìdánwò yín ti jáde, o sì fi ọ̀rá iyọ̀ bọ àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ, o sáré jáde. Nígbà tí o padà, ọkùnrin náà bi ọ́ pé ṣé ó pé? O ní ó pé. Lẹ́yìn wákàtí kan, fúláwà ń wú kọjá ẹnu páànù, ó ní kí ló ń lé e báyìí, o ní ooru ni.

Èmi náà rántí ọjọ́ yẹn. Ta ni kò rántí rẹ̀? Odindi ìlú ló jẹ búrẹ́dì tí kò níyọ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ènìyàn ti ń gbé e padà bí ẹni ń dá ọmọ tó sọnù padà. Ìyá aránṣọ ló sọ pé ó dà bí ẹni ń jẹ ìrọ̀rí. Ọ̀gá rẹ bi ọkùnrin náà pé ta ló ṣe èyí. Ó ní ọwọ́ òun ló kẹ́yìn rẹ̀. Kò dárúkọ rẹ. Ọ̀gá ní kó kó ẹrù rẹ̀. Wọ́n sì fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé IYỌ̀ Ń KỌ́? Láti ara ògiri ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sẹ́nu ènìyàn. Bó bá ti ń kọjá, wọ́n á ní Iyọ̀-ń-kọ́, títí ìyẹn fi di orúkọ rẹ̀, títí tó fi kó kúrò láàárín wa kí ọdún tó parí.

Mo ń kà á lọ, ohùn mi kò yí padà, nítorí èmi kò tíì kà kọjá orí karùn-ún, àwọn tó sì ti kà á tán kò jẹ́ sọ ohun tó ń bọ̀ fún mi. Mo kà á sókè pé nígbà tí o ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ yẹn, o ki ọwọ́ bọ àpò, ọwọ́ rẹ sì ba ọ̀rá iyọ̀. Pé o fi aṣọ náà kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, o pinnu pé bí ilẹ̀ bá mọ́, wàá mú un lọ bá ọ̀gá, wàá jẹ́wọ́. Pé nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aṣọ náà ti wà lórí okùn, ó ti mọ́, iyọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. O wá kọ ọ́ pé, “Mo mọ̀ pé ìyá mi ti rí i. Mo rò pé ó ń dúró dè mí kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Mo ń sọ ọ́ lónìí.”

Mo pa ìwé náà dé mọ́ ìka mi. Bàbá rẹ ní kí n kà á lọ. Mo kà á dé òpin orí náà. Ìyá aránṣọ dìde, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ dání. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò dún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Òun ló kọ́kọ́ pe ọkùnrin náà ní Iyọ̀-ń-kọ́, gbogbo wa la mọ̀.

Àkọ́bí mi, n kò mọ nǹkankan. Ọdún mẹ́rìnlá lo fi rò pé mo ń wò ọ́. N kò wò ọ́. Mo fọ aṣọ, mo bá iyọ̀ nínú àpò, ọ̀rá tó mọ́ tónítóní tí wọ́n so lẹ́nu, mo ní háà, ọ̀gá rẹ̀ yìí mà ṣènìyàn, ó fún un níyọ̀ mú wálé. Mo dà á sínú agolo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi sè é. Nígbà tí mo sì jẹ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ tọ́, mi ò jẹ́ kí oòrùn yọ tán ní ọjọ́ kejì kí n tó lọ dúpẹ́. O ṣì ń sùn. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ, ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ búrẹ́dì tí kò níyọ̀, mo ní ọ̀gá, a dúpẹ́ iyọ̀ o, á kún sí i. Wọ́n wò mí. Ọ̀dà dúdú ṣì tutù lára ògiri lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní ìyá, ẹ máa lọ sílé. Mo rò pé ọpẹ́ ẹnu lásán ló bí wọn nínú. Ni mo bá tún padà lọ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọsàn mẹ́fà, mo tún dúpẹ́ iyọ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọn kò fi kí mi, ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ká ní wọ́n bi mí pé iyọ̀ wo, tàbí kí èmi bi ọ́ pé ta ló fún ọ, ọkùnrin yẹn ì bá wà nídìí ọpọ́n títí dòní. Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn tó jókòó, bàbá rẹ ní ṣé àwa gan-an la jẹ ẹ̀rí náà tán.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú ìwé ọ̀gá jáde nínú àpótí, mo gbé e lọ. N kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Mo ní ọ̀gá, ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn ni mo tún bá wá. Wọ́n ní, “Ẹ tún ti dé?” Mo ní kí n ṣí orí kẹfà fún wọn, wọ́n ní àwọn kì í ka ìwé láti àárín, àwọn máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi kà á, láàárín ìgbà tí wọ́n bá ti búrẹ́dì bọnú ààrò sí ìgbà tí wọ́n bá yọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọjá níwájú ilé búrẹ́dì bí ẹni tó ń lọ ra nǹkan. Ní àná, wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

Wọ́n ní òótọ́ lo kọ sínú ìwé pé àwọn máa ń fi ọwọ́ gbá tábìlì bí àwọn bá ń sọ̀rọ̀, àwọn kò mọ̀ pé ó ń dẹ́rù ba ọmọdé. Wọ́n ní àwọn kò bínú pé o gbàgbé iyọ̀, àwọn náà gbàgbé ọmọ tàwọn sí ọjà rí. Ohun tó dun àwọn ni pé ọkùnrin náà sọ pé ọwọ́ òun ló kẹ́yìn rẹ̀, àwọn sì gbà á bí ìjẹ́wọ́, àwọn kò tún béèrè ohun kan sí i. Wọ́n ní àwọn lọ kọ ìbéèrè sára ògiri nígbà tí ẹni tó yẹ kí àwọn bi dúró níwájú àwọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n lọ mú búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kùn ún kí dúdú náà tó kú.

Wọ́n wá ṣí ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́, wọ́n wá orúkọ rẹ̀ gan-an, wọ́n kà á sókè, a wojú ara wa, nítorí àwa méjèèjì ti gbàgbé pé ó ní in. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn lẹ́tà yìí fún ọ. Má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí mo ti yìn ọ́ púpọ̀. Ìwọ náà, láti ojú ewé kìíní dé òpin, Iyọ̀-ń-kọ́ lo pè é. Ìwọ tí o mọ̀. Bí wọ́n bá tún ìwé náà tẹ̀, jọ̀ọ́, pè é ní orúkọ rẹ̀.

Síbẹ̀, kí o gbọ́ èyí dáadáa. Kò sẹ́ni tó rí ọ. Iyọ̀ ti di ọbẹ̀, ọbẹ̀ ti tán, èmi tí o rò pé mo mọ̀ kò mọ nǹkankan. O lè gbé e mì títí ayé. O gbé e jáde sí gbangba, o tẹ̀ ẹ́ síwèé, o sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó lè bínú sí ọ jù lọ. Mo ń rìn láàárín òpópónà yìí báyìí, ọrùn mi kò tẹ̀. Àwọn kan ní ṣé ojú kò tì mí ni? Mo ní ó tì mí fún ọjọ́ kan, láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń yangàn.

Ọkùnrin náà ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní ìlú kan tó tó ìrìn wákàtí mẹ́rin sí ibí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ìyá aránṣọ lọ bá, láìsí pé a rán an, ó kúnlẹ̀, ó sì gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ àná kan náà, àbúrò rẹ ya àwòrán ògiri funfun náà, ó ya àwòrán orí kẹfà ní ojú ewé mẹ́jọ, ó fi ránṣẹ́ sí i. Ọ̀gá rẹ ní ká kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn bẹ̀ ẹ́, kó wá ní Sátidé, kó po fúláwà ẹ̀ẹ̀kan péré níwájú gbogbo ènìyàn, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da iyọ̀ sí i. Bó bá sì fẹ́ máa pò ó lọ lẹ́yìn ìyẹn, àyè rẹ̀ wà. Ìyá aránṣọ ti ń rán aṣọ iṣẹ́ funfun kan. Ó fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí àyà rẹ̀. Kò tíì rán orúkọ náà sí i, ó ń dúró.

Bí o bá ń bọ̀, Sátidé ni o, kí o tètè dé. Bá mi mú ìwé mẹ́wàá sí i dání, èyí tí wọ́n ń yá lọ́wọ́ wa ti ń ya. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ fún orúnkún yẹn, kí o sì ra ìgò ojú fún mi, nítorí gbogbo ìwé tí mo ń kà sókè yìí ti fi hàn pé ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. Ìwé tí o kọ kò ní jẹ́ ọ̀tá rẹ. Ẹni tí o ṣẹ̀ á gbà ọ́ mọ́ra, ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ á ní àyè láti tọrọ ìdáríjì kí ọjọ́ tó lọ. Wàá jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń ka òótọ́ rẹ, ara rẹ á sì balẹ̀. Àmín.

Mo fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa ni àbúrò rẹ sáré wọlé. Ó ní kí n wo ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà lórí fóònù. Àmì kékeré méjì wà níbẹ̀, irú èyí tí tíṣà máa ń fi sí ìṣirò tí ènìyàn bá gbà, wọ́n sì ti di aláwọ̀ búlúù. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, ó ti fún wa ní máàkì. Àbúrò rẹ ní rárá, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹnìkan ti ṣí i, ó ti rí i. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà sì ti sọ pé fóònù kan náà ni àbúrò òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ibi iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù jọ ń lò, nítorí náà a kò mọ ẹni tó rí i nínú àwọn méjèèjì. A ti pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ọ̀gá rẹ ti wọn iyọ̀ Sátidé sínú ọ̀rá, ó wà lórí tábìlì.

Ìyá rẹ